Ọjọ́ Tí Tazuko Yàn fún Àbúrò Rẹ̀

Ní ìlú wa, Mizuhara, bí èèyàn bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí àwọn igi sakura etí odò máa tanná, kì í dúró ti rédíò. Ilé àlejò Moriwaki ló máa ń gbà lọ, á ní òun ń béèrè Tazuko tó ń tẹ́ ibùsùn.

Obìnrin kúkúrú ni Tazuko, ọwọ́ rẹ̀ a máa pọ́n nígbà gbogbo nítorí omi gbígbóná. Seikichi ọkọ rẹ̀, agégẹdú ni. Igi wó pa á nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ṣì wà ní ọmọ ọdún méje, láti ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ sì ti ń ṣiṣẹ́ nílé àlejò. Nígbà tí èmi, Setsuyo, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ká ibùsùn tí à ń tẹ́ sílẹ̀ fún àlejò tí kì í fi í hunjọ. Ẹ̀gbọ́n Tazuko ni mo ń pè é, n kò sì tíì pè é ní nǹkan mìíràn rí.

Mímọ̀ tó mọ ọjọ́ òdòdó yẹn kì í ṣe idán, ẹnikẹ́ni kò sì fi í hàn án lójú àlá. Ojú ló fi ń wò ó. Bí oṣù kẹta bá ti dé ìdajì, yìnyín ìdí igi kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, á ṣe ihò roboto yí igi ká bí ẹnu ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n Tazuko á ki apá bọ ihò náà dé ìgúnpá, á mọ bó ṣe jìn tó. Lẹ́yìn ìyẹn á máa wo èèpo igi bó ṣe ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Tí igi kobushi tó wà lórí òkè bá wá yọ òdòdó funfun, á ka ọjọ́ méjìlá sí i, ó tán. Bó bá ṣìnà, kì í ju ọjọ́ kan lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, Tokyo tún pè o!" ni mo máa ń kígbe láti ìdí fóònù.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ṣé kí àwọn máa bọ̀ lọ́jọ́ ogún oṣù kẹrin?"

"Sọ fún wọn kí wọ́n jókòó sílé wọn. Ọjọ́ kẹrìnlélógún! Ẹni tó bá wá lọ́jọ́ ogún, igi ìdáná ló wá wò."

Tokuzo alásè wa, àpọ́n tó ti lé ní ogójì ọdún, kì í jẹ́ kó sinmi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọjọ́ òdòdó, ẹ bá mi wo ọjọ́ tí èmi náà máa fẹ́yàwó."

"Tìẹ yẹn, Tokuzo, yìnyín ìdí rẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́."

Ohun tí àwọn àlejò kò mọ̀ ni pé obìnrin tó ń bá wọn mú ọjọ́ kì í rí òdòdó náà. Lọ́sẹ̀ tí sakura bá tanná, yàrá wa méjèèjìdínlógún á kún fọ́fọ́. Láti ìdájí la ti ń fọ ìrẹsì, títí di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ la ń ká ibùsùn, tí à ń fọ abọ́, tí à ń gbé oúnjẹ gun àtẹ̀gùn. Òdòdó kò ju igba ìṣísẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà wa, síbẹ̀ ojú fèrèsé ilé ìdáná la ti ń rí i, bí aṣọ tí wọ́n sá lókèèrè. Ìgbà tí àlejò ìkẹyìn bá fi máa lọ, ewé ti bo igi.

Àbúrò kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n Tazuko ní, Fumie. Ọdún 1959 ni Fumie tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sí Bùràsíìlì, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìlélógún. Ọmọkùnrin kẹta ni ọkọ náà nílé wọn, kò sí ilẹ̀ tó máa kàn án, wọ́n sì ní lọ́hùn-ún, apá àgbẹ̀ ni kò ká ilẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi wọn fẹ́ ṣí kúrò ní Yokohama ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Ìyá wọn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró kí sakura tanná ná, kí gbogbo ilé jókòó sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Màmá," ni Fumie wí, "ọkọ̀ ojú omi ò mọ òdòdó."

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, gbogbo ẹ̀ka ló ṣì dì gbọn-in. Fumie na ọwọ́, ó fi ìka tẹ ìrudi kan, ó ní ó le bí òkúta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tún tẹ ìlú mọ́. Lọ́dún kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni ìyá wọn kú, kò fojú kan ọmọ náà mọ́.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1982, lẹ́tà kan dé. Ilé ìfọṣọ la wà tí ẹ̀gbọ́n Tazuko fi kà á sí mi létí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Fumie kọ, "àwọn ọmọ mi ti tó wo oko tòmátì wa, ọkọ mi sì ti ní kí n wálé. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni mo ní. Oúnjẹ kọ́ ló ń wù mí, aṣọ kọ́. Ẹ ṣáà bá mi mú ọjọ́ tí sakura wa máa là, kí n lè dé bá a. Ṣùgbọ́n kí oṣù kìíní tó parí ni o, torí ìgbà yẹn la gbọ́dọ̀ ra ìwé ọkọ̀ òfuurufú."

Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó ká lẹ́tà náà, ó padà sídìí aṣọ tó ń fọ̀.

"Ṣé inú yín ò dùn ni?" mo bi í.

"Setsuyo, oṣù kọkànlá la wà yìí. Ta ló mọ òdòdó oṣù kẹrin látinú oṣù kọkànlá?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ kì í ṣìnà."

"Nígbà tí mo bá rí ohun tí igi ń ṣe ni n kì í ṣìnà. Igi ò ṣe nǹkan kan báyìí. Ó ń sùn."

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti gbádùn ara rẹ̀ mọ́. Ó já ìwé àtijọ́ kan lára kàlẹ́ńdà, ó yí i sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ ìtànná ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá rántí. Bó bá ń tẹ́ ibùsùn lọ́wọ́, ṣàdédé lá dúró, á ní, "Ọdún tí omi gbé afárá lọ ńkọ́? Ìyẹn pẹ́, ó wọ oṣù karùn-ún." Á sáré lọ kọ ọ́. Àwọn ọdún kan yá, àwọn kan falẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù já sí àárín ọjọ́ kẹrìnlélógún sí ìkejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin. Nígbẹ̀yìn ó mú ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Mo bá a dé ìdí àpótí ìfìwéránṣẹ́. Ó ki lẹ́tà bọ ẹnu àpótí, kò jù ú sílẹ̀. Obìnrin kan tó wà lẹ́yìn wa wúkọ́.

"Ẹ jù ú sínú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ni mo wí.

"Tó bá jẹ́ pé irọ́ ni mo kọ síbẹ̀ ńkọ́?" ló dáhùn, ó wá jù ú sílẹ̀.

Yìnyín ọdún náà kò kún. Ní oṣù kejì, ìgbà tó yẹ kó ga dé fèrèsé, òjò ni ọ̀run rọ̀ fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko, òjò lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn ará ìlú ń yọ̀ pé àwọn ò ní kó yìnyín lórí òrùlé. Ẹ̀gbọ́n Tazuko nìkan ni kò yọ̀. Nígbà tí oṣù kẹta fi máa dé ìdajì, kò sí ihò kankan tí ó máa ki apá bọ̀, torí kò sí yìnyín mọ́ nídìí igi. Èèpo igi ti pọ́n. Ó sáré lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ní kí wọ́n bá òun pe Bùràsíìlì. Ohùn Fumie dé bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú kànga: wọ́n ti ra ìwé ọkọ̀, kò sì ṣeé yí padà. "Kò séwu, ẹ̀gbọ́n," ló ń wí. "Ẹ̀yin lẹ mú ọjọ́, ó máa dúró dè mí."

Lọ́jọ́ kejì, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo rí ẹ̀gbọ́n Tazuko tó ń ti bárò bọ̀ láti ẹ̀yìn tẹ́ńpìlì. Ibẹ̀ wà ní òjìji òkè, yìnyín máa ń pẹ́ níbẹ̀. Bárò kún fún yìnyín dídọ̀tí. Ó tì í dé etí odò, ó dà á sídìí igi kan, igi tó tẹ̀ sójú omi, èyí tí ìdílé wọn máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ó fi ṣọ́bìrì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ yíká.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Tí ẹsẹ̀ bá tutù, ó lè má tètè jí."

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣe é. Àwọn ọmọdé tó ń lọ sílé ìwé ń dúró wò ó. Tokuzo jáde, ó fọwọ́ lẹ́rán. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ fi igi sínú fìríìjì ni?"

"Tokuzo, bí o bá lágbára àtisọ̀rọ̀, o lágbára àtiti bárò."

Tokuzo bọ́ aṣọ alásè rẹ̀, ó gba bárò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, òun ló ń tì í.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ni sakura tanná káàkiri etí odò. Igi tí wọ́n fi yìnyín tì lẹ́sẹ̀ dúró ní ọjọ́ méjì sí i, ó ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó dara pọ̀ mọ́ wọn. Àwọn àlejò sáré wá lójijì, iṣẹ́ kún wa lọ́rùn. Mo rí ẹ̀gbọ́n Tazuko tó dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, ó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Rọra. Rọra. Rọra." Lọ́jọ́ kejìlélógún, ìjì dé láti orí òkè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, odò ti funfun láti etí dé etí, ẹ̀ka ò sì ní nǹkan kan lórí mọ́.

Fumie sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Oòrùn ti sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, ó dé fìlà ńlá bíi tàwọn àgbẹ̀ wọn lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tó la ẹnu, ẹ̀rù bà mí díẹ̀: èdè ìlú wa tí ìyá mi àgbà ń sọ ló ń sọ, àwọn ọ̀rọ̀ tí àwa tá a wà nílé ti gbàgbé. Ó gbé e lọ, ó pa á mọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélógún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti dìyá àgbà!"

"Ìwọ ńkọ́, tó o dà bí iṣu tí wọ́n sun!"

Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún. Kò sẹ́ni tó dárúkọ òdòdó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Fumie ní kí a lọ sí etí odò.

Ó dúró sábẹ́ igi tó tẹ̀ sójú omi. Ewé tútù ti yọ lórí rẹ̀. Ìtànná tó wà nílẹ̀ ti di ẹrẹ̀.

"Ẹ ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n," ni Fumie wí.

"Mo ní bẹ́ẹ̀."

"Abẹ́ ìrọ̀rí mi ni mo fi lẹ́tà yẹn sí fún oṣù mẹ́ta." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ dúró sílé! Lọ́dọọdún lẹ̀ ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó kọ̀wé sí mi pé ti ọdún yìí dára. Èmi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tọrọ!"

"Ta ló ń jókòó?" Ẹ̀gbọ́n Tazuko pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ fò lórí igi. "Bi Setsuyo! Ìgbà wo ni mo jókòó síbí gbẹ̀yìn? Ọdún tí o lọ ni, èmi àti màmá. Látìgbà tí mo ti wọṣẹ́, abọ́ ni mò ń fọ̀!"

"Kí lẹ wá ń kọ sí mi nínú lẹ́tà?"

"Ohun tí àwọn àlejò bá sọ."

Fumie tẹjú mọ́ ọn. Mo rí i pé bí n kò bá dá sí i, wọ́n á sọ ohun tí wọn ò ní lè kó padà.

"Ẹ̀gbọ́n Fumie," ni mo wí, "ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi bárò kó yìnyín wá síbí, kí igi yìí lè dúró dè yín."

"Yìnyín? Sídìí igi?"

"Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tutù," ni ẹ̀gbọ́n Tazuko wí, ó ń wo ilẹ̀ bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jí nǹkan jẹ.

Fumie bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó dára lára rẹ̀. "Orí yín ò pé, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá padà délé, màá sọ fún ọkọ mi pé orí yín ò pé."

Níwọ̀n bí òdòdó ti rẹ̀, àlejò kò sí mọ́, màmá Moriwaki tó ni ilé àlejò sì fún wa láyè. Lọ́jọ́ kẹta a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Yukizawa, abúlé kan lórí òkè, wákàtí méjì sí wa, níbi tí yìnyín kì í tán bọ̀rọ̀. A di ìrẹsì tí a fi ewé òkun wé dání, pẹ̀lú ewébẹ̀ oníyọ̀ àti ọtí ìrẹsì díẹ̀. Igi sakura kan wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti tì pa. Ó ti tanná, ó pé pérépéré, yìnyín sì ṣì wà lábẹ́ ògiri. Ìyá arúgbó kan tó ń ṣa ewébẹ̀ igbó jáde wò wá.

"Níbo lẹ ti wá?"

"Bùràsíìlì, màmá," ni Fumie dáhùn.

"Ṣé ọ̀nà ibẹ̀ ti gbẹ? Àbí ìyẹn ò sí lẹ́yìn ìlú Morioka?"

"Ó kọjá Morioka díẹ̀, màmá."

"Ẹ kú ìrìn o. Ẹ máa rọra, bọ́ọ̀sì ìkẹyìn kì í pẹ́ẹ́ lọ." Ó fún wa ní tíì, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

A jókòó. Wọ́n jẹun, wọ́n mu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn pọ́n. Wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú àti àwọn ajá tí wọ́n ti ní rí. Ìtànná kan bọ́ sínú ife Fumie, ó mu ún mọ́ ọtí. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè, ó wo igi náà fún ìgbà pípẹ́.

"Ó dára, ẹ̀gbọ́n. Ó dára gan-an ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n màmá ò jókòó sábẹ́ eléyìí rí."

Ẹ̀gbọ́n Tazuko bu ọtí tó kù sínú ife àbúrò rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Fumie máa padà, ó yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. "Ọdún méjì sí i. Odindi oṣù méjì ni màá lò nígbà yẹn. Òdòdó yẹn ló máa wá bá mi, èmi kọ́ ni màá sáré bá a."

"Tòmátì ńkọ́?"

"Kí tòmátì rà!"

Ọkọ̀ ṣí, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí ara wọn títí a kò fi rí i mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Tazuko bẹ̀rẹ̀ sí í múra sílẹ̀. Ó rán aṣọ ibùsùn tuntun, ó lẹ pépà tuntun mọ́ ilẹ̀kùn onípépà yàrá kejì nílé rẹ̀, níbi tí Fumie máa sùn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1984, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Hideo, àkọ́bí Fumie. Àfọwọ́kọ rẹ̀ dà bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé, torí pé èdè wa kò yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní àìsàn inú ló mú ìyá òun, kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, wọ́n sì ti sin ín lórí òkè tó kọjú sí oko. Ọ̀sẹ̀ méjì ni lẹ́tà náà ti wà lọ́nà. Ní ọ̀sẹ̀ méjèèjì yẹn, ẹ̀gbọ́n Tazuko ń kọrin sí aṣọ tó ń rán.

Kò sunkún lójú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù kẹrin dé, tí ìrudi ti wú, ó lọ bá màmá Moriwaki, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba ìsinmi."

"Gba ọjọ́ tó bá wù ọ́, tí òdòdó bá ti rẹ̀."

"Ọ̀sẹ̀ òdòdó gan-an ni mo fẹ́."

"Ọ̀sẹ̀ òdòdó? Tazuko, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Ta ló máa tẹ́ yàrá méjìdínlógún?"

Ẹ̀gbọ́n Tazuko kò dìde. Màmá Moriwaki wo orí rẹ̀ tó ti funfun, ó mí kanlẹ̀. "Lọ," ló wí. "Lọ kí n tó yí ọkàn padà."

Ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi tó tẹ̀ sójú omi láti ọjọ́ tí òdòdó àkọ́kọ́ là. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ń wá. Àwọn èrò kún ọ̀tún àti òsì rẹ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń mutí, ó jókòó láàárín wọn, ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́, ọwọ́ lórí itan. N kò rí i rí tẹ́lẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹfà òjò rọ̀, gbogbo èèyàn sá lọ. Mo yọ́ jáde láti ilé ìdáná, mo gbé oúnjẹ lọ fún un. Ó wà lábẹ́ agbòjò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọlé. Òtútù máa mú yín."

"Ó ṣì kù lórí igi."

"Kí lẹ̀ ń wò gan-an?"

Ó ronú sí i. "Mo rò pé òdòdó ni nígbà tí mo kọ́kọ́ wá. Láti àná, ó jọ pé ọ̀nà ni mò ń wò."

Mo wọ abẹ́ agbòjò, mo jókòó tì í. Mo mọ̀ pé màmá Moriwaki á ti máa pariwo orúkọ mi lórí àtẹ̀gùn. Ìtànná tútù ń lẹ̀ mọ́ agbòjò níkọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n Tazuko sì ń jẹ ìrẹsì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ kó èyí tó kù. Ó ká ẹní, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ibùsùn láti àwọn yàrá òkè.